Òkú Alààyè Tí Stamenka Kéde

Kí Stamenka tó di ẹni tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń jókòó dè níwájú tẹlifíṣọ̀n kí ó lè pa wọ́n lẹ́rìn-ín, òkú ló ń kéde. Rédíò kékeré kan lẹ́bàá odò Timok ló gbà á síṣẹ́. Lọ́sàn-án gangan, gbogbo ilé a dá ṣíbí dúró láti gbọ́ ẹni tó kú. Iṣẹ́ náà kò le, àfi pé ohùn Stamenka kò mọ ìbànújẹ́ í ṣe. Ljubisav, ọ̀gá ibẹ̀, ti kìlọ̀ fún un: "Bí o bá tún ka òkú bí ẹni ń polówó ọṣẹ, máa lọ sílé yín." Oko ata ló wà nílé wọn, ìyẹn gan-an ló sì sá fún.

Lọ́jọ́ kan, ìkéde dé láti abúlé àwọn ẹ̀yà Vlah lórí òkè: àsè ìrántí Paun, lọ́jọ́ Sátidé, kí ará àti ọ̀rẹ́ wá. Ọmọ ìsàlẹ̀ odò ni Stamenka. Kò mọ̀ pé àwọn ará òkè a máa ṣe àsè òkú ara wọn nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè, kí olúwarẹ̀ lè fojú ara rẹ̀ rí i pé ẹran pọ̀ nínú ọbẹ̀. Ó fajú ro, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní Paun ti papòdà. Ljubisav yìn ín, ìgbà àkọ́kọ́ rèé.

Lọ́jọ́ kejì, Paun fúnra rẹ̀ já wọlé, fìlà awọ àgùntàn lórí.

"Ta ló pa mí níbí?"

Ljubisav yíjú sí Stamenka. "Palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lórí rédíò."

Stamenka mú bàbá náà jókòó sídìí máìkì. Ó mọ̀ pé ìgbà ìkẹyìn nìyí, ẹ̀rù sì bà á débi pé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ pòórá lórí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kú àbọ̀. Báwo lọ̀run?"

Paun kọ́kọ́ wò ó sùn-ùn. "Ìwọ ọmọ yìí! Wọ́n ò tiẹ̀ jẹ́ kí n dé ẹnu ọ̀nà. Èrò kún ilé mi, wọ́n gbé àbẹ́là dání láti ṣọ̀fọ̀ mi, ìyàwó mi ń dáná fún wọn, ó ń bú mi pé mo kú láìsọ fóun."

"Ta ló sunkún jù?"

"Ẹkún kẹ̀? Àbúrò mi ń bèèrè àkàbà mi. Mitru aládùúgbò ti fa màlúù mi lọ sílé ẹ̀!"

"Ṣé ó ti dá a padà?"

"Ó ní kí n mú ẹ̀rí wá pé mo wà láàyè!"

Stamenka sún mọ́ máìkì. "Bàbá Mitru, ṣé ẹ ń gbọ́? Òkú ló ń sọ̀rọ̀ yìí o. Ẹ tètè fa màlúù ẹ̀ jáde, ó ń bọ̀ nílé yín lónìí!"

Lẹ́yìn gíláàsì, Ljubisav ti ká sílẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Tẹlifóònù kò sinmi. Síbẹ̀ Stamenka mú kóòtù rẹ̀, ó ń lọ.

"Níbo lò ń lọ?" Ljubisav nu ojú. "O ò ka òkú mọ́. Alààyè ni kó o máa bá sọ̀rọ̀. Sátidé lo máa bẹ̀rẹ̀."

"Kò ráyè ní Sátidé," ni Paun wí. "Òun ló pa mí, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹun níbi àsè mi."

"Ẹ gbé máìkì lọ síbẹ̀, nígbà náà," ni Ljubisav dáhùn.

Bí ètò ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe jáde nìyẹn, láti ibi àsè òkú, òkú fúnra rẹ̀ ló sì ń bu ẹran fún un.