Ẹ̀rọ tí Kò Mọ Ẹkún Àgbà

Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ bàálù, ẹ bá mi sọ fún un kó fi wáyà sílẹ̀ nílé. Bàbá Bádéjọ ò rí ẹni sọ fún òun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni, ó sì ti ń tún rédíò ṣe ní Kabala Costain, ní Kàdúná, láti ìgbà tí rédíò ṣì tóbi bí àpótí aṣọ. Kò wọ bàálù rí láyé rẹ̀. Àmọ́ lọ́dún náà, ọ̀nà Àbújá ò ṣe é gbà, àwọn ajínigbé ti sọ ọ́ di tiwọn, bẹ́ẹ̀ ó pọn dandan kó dé Èkó kí Sátidé tó tán.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló bímọ sí Èkó. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Kíkẹ́ nígbà tí àrùn yírùnyírùn jà ní Kàdúná. Àìsàn náà lọ, ó sì gbé etí rẹ̀ méjèèjì lọ. Bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́kọ́ mọ̀ ló ń dùn ún jù. Ọmọ náà jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀bù, rédíò ńlá kan ń ké tantan lórí tábìlì, ó wá fa aṣọ bàbá rẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ tan rédíò." Ó tún un sọ. Ìyá rẹ̀ sunkún títí. Bádéjọ ò sunkún. Ó ní ó yẹ kí ẹnì kan lè dúró nínú àwọn méjèèjì.

Ní báyìí, ìyá Kíkẹ́ ti kú, ìyá ọkọ ló wá ń wẹ ọmọ. Ọkọ, iṣẹ́ alẹ́ ló ń ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá ọkọ fi wò ó, ó rí i pé ọmọ lè ké títí ohùn rẹ̀ á fi há, kí Kíkẹ́ ṣì máa sùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o, ẹ má bá mi bú u. Ó kàn ní òun ń padà sí Kàbbà lọ́jọ́ Àìkú, òun á sì gbé ọmọ dání, títí tí yóò fi dàgbà débi tó lè fọwọ́ ara rẹ̀ jí ìyá rẹ̀. Kíkẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ lórí fóònù: "Dádì, wọ́n fẹ́ gbé e lọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ."

Ni Bádéjọ bá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́rí. Ó mú abọ́ ọṣẹ kan, ó ki ohun tó ń gbọ́ ohùn sínú rẹ̀, ó fa wáyà pupa àti dúdú jáde. Ó tú nǹkan kékeré tó máa ń mú fóònù gbọ̀n kúrò lára fóònù márùn-ún tó ti kú, ó rán wọn sínú àpò aṣọ kan tó ṣe é fi sábẹ́ ìrọ̀rí. Bí ọmọ bá ké, ìrọ̀rí á gbọ̀n, ìyá á jí. Kò fẹ́ kó máa dá jẹnẹrétọ̀ Èkó lóhùn, tàbí hóònù, tàbí àwọn tó ń pariwo lójú títì. Ẹkún ọmọ tuntun nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀. Kò sì sí ọmọ tuntun nílé rẹ̀, nítorí náà òun fúnra rẹ̀ ló ń ké. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni àwọn aládùúgbò fi ń gbọ́ "Ìnyàà! Ìnyàà!" láti ṣọ́ọ̀bù àgbàlagbà. Wọ́n ní orí bàbá ti dàrú.

Ó di ọjọ́ Jímọ̀, ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Báàgì rẹ̀ wọnú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ọkùnrin tó ń wo ẹ̀rọ náà, Zubair lorúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀, sì dá a dúró. Abọ́, wáyà, bátìrì, téèpù dúdú.

"Baba, menene wannan?" Ó ń béèrè pé kí nìyí.

Bádéjọ rẹ́rìn-ín, ó sì fi Hausa ọjà tó ti ń sọ láti ogójì ọdún dá a lóhùn: "Ba komai ba ne. Idan jariri ya yi kuka, sai ya tashi." Kì í ṣe nǹkan kan, bí ọmọ bá ti ké, ẹ̀rọ á jí. Ohun tó ní lọ́kàn nìyẹn. Ẹni tó jí lórí ibùsùn, "tashi" ni Hausa ń pè é. Bàálù tó gbéra, "tashi" ni. Ṣùgbọ́n bọ́ǹbù tó bú gbàmù, ẹ gbà mí o, "tashi" náà ni! Èyí tí Zubair gbọ́ nìyẹn.

"Kai!" Zubair fò sẹ́yìn. Àwọn tó wà lórí ìlà tú yángá, obìnrin kan fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Bádéjọ pàápàá bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sá fún.

Ọ̀gá wọn, Hàúwà, ló jáde wá. Wọ́n fi aṣọ funfun nu ẹ̀rọ náà, wọ́n yẹ aṣọ náà wò, kò sí ẹ̀tù níbẹ̀. Hàúwà gbé àpò aṣọ náà lé àtẹ́lẹwọ́. Ó ní, "Bàbá, bí ó bá ń ṣe ohun tí ẹ wí, ẹ jẹ́ ká rí i. Bí kò bá ṣe é, ibí ló máa wà."

Zubair pàtẹ́wọ́. Kò mì. Zubair pariwo. Kò mì. Wọ́n ti ń pe àwọn èrò Èkó kí wọ́n wá wọlé. Bádéjọ wo gbogbo gbọ̀ngàn náà, kò sí ọmọ ọwọ́ kankan. Ó fojú inú rí ọmọ-ọmọ rẹ̀ nínú mọ́tò Kàbbà. Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó lanu.

"Ìnyàà!"

Àpò aṣọ gbọ̀n jìgìjìgì lọ́wọ́ Hàúwà. Ẹ̀rín bú sọ kárí gbọ̀ngàn, ẹnì kan ti gbé fóònù sókè tó ń yà á. Ojú ti bàbá.

"Lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Hàúwà wí, òun náà ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

Bádéjọ tún lanu. Ohun tó wá sí i létí ni "Dádì, ẹ tan rédíò." Ẹkún tó jáde kì í ṣe ti ọmọ ọwọ́ mọ́. Láti inú ikùn ló ti wá, ẹkún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì lè dá a dúró. Àpò aṣọ dákẹ́ lọ́wọ́ Hàúwà. Bádéjọ fúnra rẹ̀ ló ṣe ẹ̀rọ náà, kò sì kọ́ ọ ní irú ẹkún yìí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Hàúwà rọra béèrè pé ta ló ni ín. Ó sọ fún un. Hàúwà yọ bátìrì rẹ̀, ó wé e lọ́tọ̀, ó ní, "Ẹ tún un fi sí i tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín." Zubair ló bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, Bádéjọ ti padà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ Kíkẹ́ wọlé: "Dádì, Màmá ọkọ mi ti dé Kàbbà, wọ́n ní kí n kí yín. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni nǹkan yín yìí jí mi lánàá! Ojú mi ti wú. Irú wàhálà wo lẹ gbé wá bá mi?"

Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Gbogbo ẹni tó gbé rédíò wá lọ́jọ́ náà ló fi hàn, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé: "Ẹ wá wò ó, ọmọ mi ò rí oorun sùn!"