Ohun Tí Wọ́n Sọ Nípa Géèmù Ẹ̀gbọ́n Mi

Títí di òní olónìí, bí fóònù ẹnìkan bá dún lójijì láàárín èrò, àyà mi a kọ́kọ́ já ná, kí n tó rántí pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, kò sì sí ẹni tó ń bá mi wí mọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà nígbà náà. Mo wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, mo sì ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni tó yá ṣọ́ọ̀bù kékeré kan nítòsí Ọjà Igbó, tó ń bá àwọn èèyàn tún kọ̀ǹpútà àti fóònù ṣe. Iṣẹ́ tí gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́ nìyẹn. Èyí tí kì í jẹ́ kó jẹun lásìkò ni géèmù kan tó ti ń kọ láti ọdún mẹ́ta, òun nìkan, lórí kọ̀ǹpútà kan tí bọ́tìnnì mẹ́rin ti ṣí kúrò lára rẹ̀.

Ọkọ̀ kan tó ń rìn láàárín ìràwọ̀ ni géèmù náà dá lé. Ẹni tó bá ń ta á, bí ẹni ń ta ayò, ni awakọ̀. Yóò kó omi, oúnjẹ, lẹ́tà àti èrò láti ayé kékeré kan sí òmíràn, Yorùbá sì ni gbogbo èrò inú ọkọ̀ náà ń sọ. Wọ́n ń kí awakọ̀, wọ́n ń bú u bó bá sáré jù, ìyá arúgbó kan sì wà níbẹ̀ tí kì í sọ̀ kalẹ̀ bí awakọ̀ kò bá kí i tẹ́rùn. Bí ọkọ̀ bá ti ń jìnnà sí ilé ni àwọ̀ ojú ọ̀run ń yí padà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di dúdú kan tó tutù lójú, tó ń mú kéèyàn fẹ́ dákẹ́. N kò tíì rí ohun tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ lójú fóònù rí, mo sì ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́.

Ìyá wa ní Ọ̀yọ́ kò rí ẹwà kankan níbẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni ìyá wa, iṣẹ́ tí kò bá sì ní ìwé ìgbanisíṣẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi iṣẹ́ olùkọ́ ìṣirò sílẹ̀ nítorí géèmù yìí, ó sì dun ìyá wa débi pé kì í dárúkọ rẹ̀ nínú àdúrà láìfi kún un pé kí Olúwa dá orí ọmọ òun padà sílé. Níkẹyìn àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn. Ìpàtẹ kan ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi kọ̀ǹpútà dá nǹkan yóò ti kó iṣẹ́ wọn jáde, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe géèmù yóò sì rán èèyàn wá mú ẹnìkan ṣoṣo tí wọn yóò gbà síṣẹ́. Bí wọ́n bá mú ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa yóò súre fún un, ọ̀rọ̀ yóò tán. Bí wọn kò bá mú un, yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, yóò padà sí Ọ̀yọ́ lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò. Ìṣojú mi ló ṣe dọ̀bálẹ̀, tó gbà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ìpàtẹ náà ku oṣù kan, ó pè mí jókòó. Ó ní, “Ojú mi ti mọ́ géèmù yìí jù, mi ò rí àléébù ẹ̀ mọ́. Bá mi fún èèyàn mẹ́wàá ta. Èyí tó bá dáa níbẹ̀, kọ ọ́. Èyí tí ò dáa, kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́. Má bu iyọ̀ sí i o.”

Mo ní, “Ẹ fọkàn balẹ̀, bọ̀ọ̀dá mi.” Mo ra ìwé ìkọ̀wé tuntun, mo fa ìlà sí àárín ojú ewé kọ̀ọ̀kan, apá kan fún ìyìn, apá kejì fún àléébù. Mo tilẹ̀ ń fi bírò há etí kiri àdúgbò, bí ẹni tí ìjọba rán níṣẹ́.

Aránṣọ kan tó wà ní òdìkejì títì ni mo kọ́kọ́ lọ bá, ìyá kan tó ń jọ́sìn ní ìjọ aláṣọ funfun, tó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ sùtánà àdúgbò náà ti ń jáde. Mo rò pé yóò lé mi ni. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ti ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gba fóònù mi, ó sì wa ọkọ̀ ìràwọ̀ fún wákàtí kan gbáko, ó ń dá ìyá arúgbó inú ọkọ̀ lóhùn bí ẹni pé wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà. Ó ti rìn jìnnà, ó ku díẹ̀ kó gúnlẹ̀, ni ọ̀rẹ́ mi kan bá pè mí lórí fóònù. Géèmù kú fin-ín. Nígbà tí a tún un ṣí, ọkọ̀ ti padà síbi tó ti gbéra, omi, lẹ́tà àti èrò ti pòórá.

Ó ní, “Gbogbo ìrìn tí mo rìn ńkọ́?”

Mo ní a ní láti bẹ̀rẹ̀ padà ni, mà.

“Háà! Èmi kọ́. Wò ó, ọmọ mi, ó dùn o, mi ò ní purọ́. Bí mo ṣe ń wo ojú ọ̀run yẹn, ara mi balẹ̀ bí ìgbà tí mo bá wà lórí òkè àdúrà. Ṣùgbọ́n kò dáa kéèyàn ṣiṣẹ́ ṣiṣẹ́, kí ìpè kan ṣoṣo wá gba gbogbo ẹ̀ dànù. Sọ fún ẹ̀gbọ́n ẹ. Kọ ọ́ síbẹ̀, kí n rí i.” Mo kọ ọ́ níṣojú rẹ̀.

Ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ta tirẹ̀ níbi tó ti ń dúró de èrò. Ó ní, “Sístà, géèmù yìí ń wọra gan-an ni! Bí ọkọ̀ yẹn ṣe ń gbọ̀n tó bá fẹ́ gbéra, ọ̀kadà mi gẹ́lẹ́ ni. Àmọ́ epo kàn ń tán lójijì ni, kò sí gééjì. Mo ti há sójú ọ̀run lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣé Bọ̀ọ̀dá ò wakọ̀ rí ni?” Kó tó parí ọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ pè é lórí fóònù, géèmù tirẹ̀ náà kú. Àwọn tó kù sọ tiwọn: pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ kéré jù lójú, pé àlàyé ìbẹ̀rẹ̀ gùn bí ìwàásù ọjọ́ ìkórè, pé tó bá ti di ayé kẹfà sókè, wọ́n jọra wọn jù. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ pásítọ̀ jẹ́wọ́ fún mi pé omi bọ́ lójú òun nígbà tí èrò kan sọ̀ kalẹ̀ tó sì ní ó dàbọ̀. Nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, mẹ́jọ ló sọ ti ìpè yẹn.

Ọjọ́ tó yẹ kí n kó ìwé náà fún ẹ̀gbọ́n mi ni ìyá wa pè é láti Ọ̀yọ́. N kò mọ ohun tí ìyá wa sọ fún un. Mo kàn rí i pé ó jókòó sórí àga láìṣe ohunkóhun, ọrùn rẹ̀ sì ti tín-ín-rín nínú kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rántí pé àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, mo sì sọ òwe náà di àwáwí. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wá. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé a kì í wojú ẹni tó se ọbẹ̀ ká ní iyọ̀ rẹ̀ já. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí iná bá ń jó aṣọ òun lẹ́yìn, màá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí òun, màá bèèrè àlàáfíà àwọn ará ilé, kí n tó sọ fún òun. Mo máa ń bá a rẹ́rìn-ín sí i.

Mo jókòó, mo da ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kọ sórí ìwé mìíràn. Mo kọ gbogbo ìyìn. Mo mú àléébù kéékèèké méjì kún un, ti ọ̀rọ̀ tó kéré lójú àti ti àlàyé tó gùn, kó lè jọ òótọ́. Ti epo àti ti ìpè, n kò kọ wọ́n. Mo sọ fún ara mi pé àtúnṣe tó tóbi bẹ́ẹ̀ yóò gba oṣù mẹ́fà ó kéré tán, pé ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan ni yóò kó bá a. N kò lè kọ ìlà kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ kọ̀ǹpútà o, síbẹ̀ èmi ni mo mọ iye oṣù tí àtúnṣe yóò gbà.

Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Ṣé ohun tí wọ́n sọ nìyí? Gbogbo ẹ̀?”

Mo ní, “Gbogbo ẹ̀ nìyẹn, bọ̀ọ̀dá mi. Ẹ kú làákàyè.” Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pe ìyá wa padà, ó sì ka ọ̀rọ̀ aránṣọ nípa òkè àdúrà sí i létí. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ kò lè mọ ohun tí ìpè ń ṣe sí géèmù náà, nítorí fóònù tó fi ń dán géèmù náà wò kò ní síìmù nínú rárá.

Ní ọjọ́ ìpàtẹ, ó pe gbogbo àwọn tó bá a ta géèmù wá, kó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn ní gbangba. Aránṣọ wá, ó jókòó síwájú pẹ̀lú gèlè tuntun. Ẹni tí ilé iṣẹ́ náà rán wá jẹ́ ọkùnrin kan tí kò dàgbà jù wá lọ. Ó ní kí wọ́n fi géèmù náà sórí fóònù òun, ó sì ta á fún nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín sí ìyá arúgbó. Mo rí i tó pe ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ wá kó wá wo ojú ọ̀run. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run nínú mi nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

Ó tún géèmù ṣí, ó wò ó títí. Ó ní, “Ibi tí mo dé ńkọ́?”

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń làágùn. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò mọ̀ pé ó ń ṣe báyìí.”

“Ṣé ẹ ò fún èèyàn ta kẹ́ ẹ tó gbé e wá ni?”

“Mo fún èèyàn mẹ́wàá.”

“Kò wá sẹ́ni tí wọ́n pè nínú àwọn mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?”

Aránṣọ dìde. Kì í ṣe pé ó fẹ́ tú mi fó. Kò kàn fẹ́ kí wọ́n rò pé òun gba iṣẹ́ láìṣe é ni. Ó ní, “Wọ́n pè lọ́wọ́ tèmi o! Mo sọ fún àbúrò wọn obìnrin. Mo ní kó kọ ọ́, ó sì kọ ọ́ níṣojú mi.”

Bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹ̀yìn, èmi ló sì bá níbẹ̀. Kò bínú. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń ka nǹkan tí kò yé e. Ìbá gbá mi létí, ìbá sàn fún mi. Ọkùnrin náà dá fóònù padà sí àpò, ó ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi dáa gan-an, ṣùgbọ́n ẹni tí àwọn yóò mú gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fetí sí àwọn tó ń ta géèmù rẹ̀. Ẹlòmíràn ni wọ́n mú.

Nígbà tí a délé, ó ní kí n gbé ìwé àkọ́kọ́ wá. Orí ìdúró ló ti ka gbogbo ojú ewé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Lẹ́yìn náà ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó fi géèmù sórí fóònù mi, ó gbé ọkọ̀ gbéra, ó sì ní kí n fi fóònù òun pe ara mi. Mo pè. Fóònù dún, géèmù dúró jẹ́ẹ́. Nígbà tí mo pa ìpè náà, ọkọ̀ wà níbi tó wà gan-an, gééjì epo tuntun sì ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ọjọ́ méjì péré ló gbà.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló wà níwájú rẹ̀ nígbà tí mo gbé irọ́ mi lé e lọ́wọ́.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún. Ó fà mí dìde, ó ní òun ti dárí jì mí, ó sì dárí jì mí lóòótọ́. Kí oṣù náà tó parí, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó padà sí Ọ̀yọ́ lọ kọ́ni ní ìṣirò gẹ́gẹ́ bó ti ṣèlérí.

Ọ̀yọ́ kan náà ni èmi àti òun jọ ń gbé báyìí, olùkọ́ lèmi náà. Ó ti kọ géèmù mìíràn láti ìgbà náà, àwọn èèyàn sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹnu àwọn ọmọ kíláàsì mi ni mo ti gbọ́. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé tí kò fún mi ta kó tó gbé e jáde, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́rùn ẹ jù. Àwọn kan ń bá mi wò ó.” Kò ṣẹ̀ mí rí. Nígbà tí mo bímọ, òun ló kọ́kọ́ dé. Ẹni tó bá rí wa níbi tí a ti ń kí ara wa yóò ní irú àwọn ọmọ ìyá báyìí ṣọ̀wọ́n. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ kan fún mi gbẹ̀yìn, ó sì ń dùn mí.

Lọ́dún tó kọjá, mo kọ ìwé ìtàn kékeré kan fún àwọn ọmọdé. Mo gbé e tọ̀ ọ́ lọ kí n tó fi han ẹnikẹ́ni, mo ní kó jọ̀ọ́, kó sọ gbogbo ohun tó bá rí fún mi. Ó dá a padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó fi ìwé ìròyìn wé e dáadáa kó má baà dọ̀tí. Ó ní, “Ó dáa gan-an, àbúrò mi. Mi ò rí nǹkan kan tó yẹ kó o tún ṣe.”

Mo dúpẹ́. Mo délé, mo tú u, mo ṣí ojú ewé kìíní. Ní ìlà kejì, mo ní ọmọ inú ìtàn náà jẹ́ ọmọ ọdún méje. Ní ìlà kẹfà, mo ní ó ti pé mẹ́sàn-án. Olùkọ́ ìṣirò ni ẹ̀gbọ́n mi. Ó rí i.