Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀

Gbogbo àdúgbò ló mọ ìtàn ọjọ́ tí olóògbé Bàbá Aláago bá ẹ̀rọ jà. Ẹ̀rọ ọ̀hún kò tóbi ju páálí ìṣáná lọ. Pátákó pẹlẹbẹ kan ni, wáyà wà lára rẹ̀, inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì ti ń kọ àṣẹ ránṣẹ́ sí i. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì ni pé kí iná kékeré kan máa tàn, kó sì máa kú. Bàbá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀: tan iná, dúró díẹ̀, pa iná, tún bẹ̀rẹ̀. Iná tàn, kò kú mọ́.

"Tíṣà," ó wí fún ọmọbìnrin tó ń kọ́ wọn, "ẹ wá wo nǹkan yín. Mo ní kó pa iná, ó ń wò mí lójú."

Tíṣà wo ohun tó kọ. "Ó pa á, Bàbá. Ẹ ò sọ pé kó dúró lẹ́yìn tó bá pa á, ló ṣe tún tàn án lójú ẹsẹ̀. Ojú ò lè rí i."

"Ẹni tí mo ní kó jókòó, ṣé mo tún gbọ́dọ̀ sọ fún un pé kó má dìde?"

"Fún ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí. Nǹkan yìí ò ní ẹ̀kọ́ ilé." Ó mú fìlà rẹ̀, ó fìbínú lọ.

Kí ló tiẹ̀ gbé ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún aago ṣe dé kíláàsì àwọn ọmọdé? Ìyàwó rẹ̀ ni. Etí Ìyá ti ń di. Àlejò á kanlẹ̀kùn títí, Ìyá á wà ní kíṣìnnì, kò ní gbọ́. Wọ́n wá ń sọ kiri pé ó ń gbéra ga. Ìyá yìí, tó jẹ́ pé bí kò bá rí ẹni bá sọ̀rọ̀, oúnjẹ kì í dà nínú rẹ̀! Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ pàápàá kò wá mọ́, Ìyá sì gbà pé ayé ti pa òun tì. Bàbá fẹ́ kí iná máa ṣẹ́jú ní kíṣìnnì bí ẹnikẹ́ni bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ fún ẹnì kan. Ó ní òun kàn ń wá nǹkan ṣe ni.

Ìbínú ọjọ́ yẹn ló jẹ́ kó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sí kíláàsì. Òjò ń rọ̀, ó kan ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ títí ọwọ́ fi ń ro ó. Nígbà tí Ìyá jáde wá da omi nù, ó bá a lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀yin náà, kí lẹ jókòó sínú òjò fún? Ṣé ẹ ò lè kanlẹ̀kùn ni?"

Bàbá dìde, ó gbọn omi kúrò lára fìlà rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó ti dé kíláàsì kí Tíṣà tó dé.

Ó kọ́ ọ, ó ń kùn. Nígbà tí ó gbé ẹ̀rọ náà sílé, àlejò kan tẹ bọ́tìnnì, iná ṣẹ́jú díẹ̀, ó dákẹ́, Ìyá sì kẹ́yìn sí i. Àlejò lọ. "Ta ló ní kó dákẹ́?" Bàbá bi Tíṣà. Tíṣà ní òun ò rí ibi tí wọ́n ti ní kó má dákẹ́. Bàbá pòṣé, ó jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ tán pátá: kí iná máa ṣẹ́jú, kó má sì sinmi títí Ìyá fúnra rẹ̀ yóò fi tẹ bọ́tìnnì kejì ní kíṣìnnì.

Ọ̀rẹ́ Ìyá ni Bàbá kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wá. Ó tẹ bọ́tìnnì, Ìyá rí iná, ó sì wá ṣílẹ̀kùn fún un. "Mo rò pé o ti kọ̀ mí ni," lobìnrin náà wí. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọn ò rántí oúnjẹ Bàbá. Ó rojọ́ yẹn títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ wọn obìnrin ń tún kíṣìnnì ṣe. Ó fẹnu sún mọ́ etí Ìyá. "Màámi, ṣé kí n yọ nǹkan yìí kúrò?"

Iná ti ń ṣẹ́jú lára ògiri. Ìyá ń wò ó.

"Fi sílẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ bàbá yín, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń bá mi sọ, èmi ni mo máa ń parí ẹ̀. Èyí nìkan ló sọ tán."

Ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn.