Òkúta Òṣùpá fún Òrùka Ìyá Ràmátù

Aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ọjọ́ Àtàláátà, ni Alájì gbé òrùka fàdákà kan sórí tábìlì níwájú mi, tó ní, "Risi, àsìkò ti tó. Ìwọ ni yóò ra òkúta fún un." Mo rántí aago náà dáadáa nítorí pé ara ògiri ni mo ń wò kí n má baà wo ojú rẹ̀. Ẹni tó bá rí mi níta á rò pé ara mi balẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti fi ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ sábẹ́ tábìlì nítorí pé wọ́n ń làágùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́. Ọmọ Kambolé ní ilẹ̀ Tógò ni mí, àwọn òbí mi ń gbin iṣu àti àgbàdo. Mo lọ sí yunifásítì ní Kara, mo gba lisáǹsì, oyè àkọ́kọ́ ní yunifásítì, nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti ojú ọjọ́, mo sì padà wálé wá máa kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́. Kò sí ẹni tó dá mi lóhùn. Ìgbà tó yá, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí láti jókòó síwájú ilé, nítorí pé gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ló ń bi ìyá mi níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mú mi lọ bá Alájì Músílíù, alágbẹ̀dẹ fàdákà ní àdúgbò Kouloundè ní Sokodé. Ìlọrin ni bàbá Alájì ti wá, ṣùgbọ́n Sokodé ni wọ́n bí òun sí, ó sì ń sọ Tem bí ẹni pé òun ló dá èdè náà sílẹ̀.

Alájì ní òfin kan. Oṣù mẹ́ta ni ó ń fún ẹni tó bá wá kọ́ṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni yóò rán an lọ ra òkúta kan, òun nìkan. Bí òkúta náà bá dára, ó dúró. Bí kò bá dára, Alájì yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ṣàdúrà fún un, yóò sì sìn ín dé ibùdókọ̀. Bí mo bá ń ronú nípa òfin yìí, àdúrà yẹn ló máa ń bà mí lẹ́rù jù.

Ìyá Ràmátù, opó kan ní Kambolé, ló ni òrùka náà. Ọkọ rẹ̀ rà á bọ̀ láti Mẹ́kà. Òkúta òṣùpá ló wà lórí rẹ̀, òkúta funfun kan tí ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ jọ ti òṣùpá, tó ní àwọ̀ búlúù díẹ̀, tó sì máa ń rìn lójú rẹ̀ bí èèyàn bá yí ọwọ́ padà. Òkúta náà jábọ́ sóko nígbà tí Ìyá Ràmátù ń wa iṣu, wọn kò sì rí i mọ́. Ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n fẹ́ ṣe yìgì Sàfúrà, ọmọ-ọmọ rẹ̀, òrùka yìí ni màmá sì fẹ́ fi ta á lọ́rẹ. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ní.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe ni pé mo fọ òrùka náà. Kò sẹ́ni tó rán mi. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ọwọ́ mi kì í lè dúró jẹ́ẹ́, mo sì fẹ́ kí Alájì rí i pé mo já fáfá. Ibi tí òkúta máa ń jókòó sí lórí òrùka, tí a ń pè ní ìjókòó, ti dúdú kirikiri. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti eérú ha á títí ó fi funfun tó ń dán bí ojú díńgí. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà mo fi ìda tẹ ìjókòó náà kí n lè mọ bí òkúta tí n óò rà ṣe gbọ́dọ̀ tóbi tó.

Mo ti ń múra láti lọ sí ọjà Tchamba nígbà tí Alájì pè mí padà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ibi òkúta, Alájì."

"O ti rí ọwọ́ tí yóò wọ̀ ọ́?"

"Rárá, Alájì."

"Kambolé ni kí o kọ́kọ́ lọ. Bí o kò bá mọ ohun tí ọwọ́ kan ń ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀, báwo ni wàá ṣe mọ òkúta tó lè bá a gbé?"

Mo gba Kambolé lọ. Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá Ràmátù, ó sì wò mí fún ìgbà pípẹ́.

"Ṣé ìwọ kọ́ lo lọ kàwé ní Kara?"

"Èmi ni, Màmá."

"Wọ́n kọ́ yín ní òkúta níbẹ̀?"

"Wọ́n kọ́ wa ní òkè àti odò, Màmá."

"Ó dára. Bí odò ni mo ṣe fẹ́ ẹ. Bí ọmọ mi bá yí ọwọ́ báyìí, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa ṣàn. Bí kò bá ṣàn, má gbé e wá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju òfin Alájì lọ. Mo jókòó ti Sàfúrà títí di ìrun Àsárì, mo sì wò ó bí ó ṣe ń ṣe àlùwàlá. Gbogbo ìgbà tó bá gbé búútà láti da omi sọ́wọ́, òrùka mìíràn tó wà ní ìka rẹ̀ á kan irin búútà náà: kó, kó, kó. Òkúta òṣùpá kò le tó àwọn òkúta mìíràn, ó lè là bí wọ́n bá kọ lù ú léraléra. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi pé èyí tó bá yọ sókè bí ìdodo kò lè bá ọwọ́ yìí gbé. Pẹlẹbẹ ni mo gbọ́dọ̀ rà.

Ní ọjọ́ kejì mo wà ní Tchamba lọ́dọ̀ Màlàm Garba, Haúsá kan tó máa ń gba Djougou wọlé láti Bẹ̀nẹ̀. Ó ti tẹ́ aṣọ dúdú kan sórí àpótí rẹ̀, ó sì fi Haúsá kí mi bí ọmọbìnrin kékeré.

"Sannu, yarinya! Orúnkún Alájì ńkọ́?"

"Ó ti dára díẹ̀, Màlàm. Ó ní kí n kí yín."

"Ó rán ọmọdé sí mi. Alájì fẹ́ kí n jẹ ẹran lónìí."

Ó kó òkúta mẹ́ta sórí aṣọ náà. Èyí àkọ́kọ́ rẹwà jù, ó búlúù láti etí dé etí. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ìmọ́lẹ̀ òkúta òṣùpá gidi máa ń kúrò níbi tó wà bí èèyàn bá yí i, ṣùgbọ́n ti èyí dúró gbọnyin. Mo fi awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, mo sì rí ìfófòó róbótó méjì nínú rẹ̀.

"Màlàm, gíláàsì lèyí."

"Wallahi! Ta ló fi gíláàsì sáàárín òkúta mi?" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá o ti jí ni."

Èkejì jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ó ga jù, mo sì rántí búútà Sàfúrà. Ẹ̀kẹta bá ìda mi mu rẹ́gí, ó pẹlẹbẹ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì ń rìn lórí aṣọ dúdú yẹn bí ẹni pé ó wà láàyè. Mo fẹ́ pariwo. Alájì ti kọ́ mi pé kí n má jẹ́ kí ojú mi sọ̀rọ̀, nítorí náà mo jẹ ètè mi títí ó fi ń dùn mí. A ná an. Mo dìde, ó pè mí padà. Mo tún dìde, nítorí pé Alájì ní ẹ̀ẹ̀mejì ni kí n dìde. Ó tún pè mí padà, ó ní, "Alájì ti bà ọ́ jẹ́," ó sì dì í fún mi nínú tákàdá. Orin ni mo ń kọ lórí alùpùpù títí mo fi dé Sokodé.

Alájì ti lọ kírun nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù. N kò lè dúró dè é. Mo tú tákàdá náà, mo sì gbé òkúta sínú ìjókòó rẹ̀ lórí òrùka.

Kò tàn. Ó dà bí omi tó kán sórí àwo funfun. Mo gbé e sínú oòrùn, mo gbé e sábẹ́ iná, mo yí i títí ọrùn ọwọ́ mi fi ń ro mí, ṣùgbọ́n kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan tó rìn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ṣòro fún mi láti ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi. Kì í ṣe pé mo bẹ̀rù ibùdókọ̀ nìkan. Ó dà bí ẹni pé gbogbo àwọn tí kò dá lẹ́tà mi lóhùn ló mọ ohun kan nípa mi tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀. Mo bú Màlàm Garba ní èdè méjì. Mo ní ó ti pààrọ̀ òkúta náà nígbà tó ń dì í. Ó sì ti máa kọjá ibodè nígbà yẹn.

Alájì wọlé. "Kí ló dé? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Alájì. Òkúta ni."

Ó wò ó. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé, "Kí ni Màlàm gbé e lé nígbà tí o rà á?"

"Aṣọ dúdú."

Ó ṣí fìlà dúdú orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì gbé òkúta náà sí i láàárín. Ìmọ́lẹ̀ búlúù yẹn jáde, ó sì rìn. Mo pariwo.

"Òkúta rẹ dára," ni Alájì wí. "Ìjókòó rẹ̀ ni kò dára. Dúdú ló gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ òkúta òṣùpá kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó lè hàn. Ta ló fọ òrùka yìí?"

Mo tẹjú mọ́ fìlà náà.

"Risi."

"Èmi ni, Alájì."

"Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni. Mo rò pé ìdọ̀tí ni."

"Ẹni tó ṣe òrùka yìí ní Mẹ́kà ló mọ̀ọ́mọ̀ sọ ibẹ̀ di dúdú. O fi eérú ha iṣẹ́ oníṣẹ́ dànù! Màdámù Lisáǹsì!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà. "Lọ ra ẹyin méjì wá."

"Kí la fẹ́ fi ṣe, Alájì?"

"Ọ̀kan fún òrùka, ọ̀kan fún mi. Ebi ń pa mí."

A se ẹyin náà. A fọ́ inú rẹ̀ tó pọ́n sínú ike kan, a so òrùka náà kọ́ lókè rẹ̀ kó má baà kàn án, a sì dé e pa. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde lára ẹyin sísè ló máa ń sọ fàdákà di dúdú. Nígbà tí a ṣí i ní òwúrọ̀ Alàmísì, òórùn rẹ̀ lé àwọn oníbàárà méjì jáde, òrùka náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Alájì nu ẹ̀yìn rẹ̀ títí fàdákà fi yọ, ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan ìjókòó. Ó wá na irin tí a fi ń tẹ etí fàdákà mọ́ òkúta sí mi.

"Èmi kẹ̀?"

"Ta ló rà á?"

Mo tẹ apá kan díẹ̀, mo yí i, mo tẹ òdìkejì. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ jù, ó là nìyẹn. N kò mí dáadáa títí etí náà fi ká yí òkúta pátápátá. Nígbà tí mo gbé e sókè, ìmọ́lẹ̀ náà ṣàn láti apá kan dé èkejì. Ẹkún ni mo bú sí. Ẹkún ayọ̀ ni, mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, ẹkún ẹni tí ara rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fúyẹ́.

"Má sunkún sórí fàdákà," ni Alájì wí. "Ẹyin ti tán."

Ní Jímọ̀ mo gbé òrùka náà lọ sí Kambolé. Mo lè dákẹ́, ṣùgbọ́n n kò lè fi irọ́ sí ẹ̀yìn òrùka ìyàwó. Mo sọ fún Ìyá Ràmátù pé mo ha dúdú yẹn kúrò, àti bí a ṣe dá a padà.

"Dúdú tó wà lábẹ́ òkúta?" ni màmá wí. "Mo máa ń fẹ́ fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́! Ọkọ mi a máa bá mi jà. Ó ní kí n fi sílẹ̀, n kò mọ̀dí rẹ̀ títí ó fi kú."

Ó wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, ó yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ó bọ́ ọ, ó fi sí Sàfúrà níka, ó sì ní, "Bó ṣe wà gan-an nìyí." Lọ́nà ilé mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Màlàm Garba lọ́kàn mi, ní èdè méjèèjì tí mo fi bú u.

Alájì kò ṣàdúrà ìdágbére fún mi. Ó ní kí n máa bá a ra òkúta láti ìsinsìnyí lọ, àti pé Djougou ni kí n kọ́kọ́ lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí n ra gbogbo òkúta tí a máa lò kí Iléyá tó dé. Inú mi ì bá dùn pátápátá, ṣùgbọ́n àárín ọjọ́ mẹ́ta náà gan-an ni kọ́ńkúù bọ́ sí, ìdánwò tí ìjọba fi ń gba olùkọ́. Bàbá mi ti gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ fún mi. Ó ní owó oṣù kì í là bí òkúta. Ìyá mi ní kí n ṣe ohun tó bá jẹ́ kí n máa sùn dáadáa, mo sì ń sùn dáadáa láti Jímọ̀ yẹn.

Bí mo bá ronú nípa kíláàsì, ọkàn mi balẹ̀. Bí mo bá ronú nípa aṣọ dúdú tí òkúta wà lórí rẹ̀, ọwọ́ mi á máa yún mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí ni ẹ rò pé kí n ṣe? Ṣé kí n bẹ Alájì pé kó sún ìrìn àjò náà síwájú, tàbí kí n dá fọ́ọ̀mù padà fún bàbá mi, báwo ni n óò sì ṣe sọ ọ́ tí kò fi ní bínú? Ní ọdún tó kọjá, kò sí ẹni tó ń retí mi níbì kankan. Ní báyìí wọ́n ń retí mi níbi méjì lọ́jọ́ kan náà, n kò sì mọ èyí tí mo lè sọ fún pé n kò ní wá.