Pósí Tí Bàbá Mi Kàn

Òórùn pákó tútù ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú nílé wa ní Lotto, ní Mowe. Káfíńtà ni bàbá mi. Bẹ́ẹ̀dì àti àga làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ohun tó fi ń yangàn jù ni pósí dúdú kan tó fi àjákù pákó kàn fún ilé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa. Kò sí òkú tó ń wọ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá na ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù táwọn aláṣọ búlúù ń tì lẹ́yìn lọ́jọ́ Sátidé, àwọn aláṣọ pupa, ìyẹn ẹgbẹ́ bàbá mi, á gbé e lọ sójúlé ẹni tó ń fọ́nnu jù nínú àwọn búlúù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n á máa sunkún èké, wọ́n á máa darúkọ rẹ̀ bí olóògbé, onítọ̀hún ò sì gbọdọ̀ yọjú títí wọ́n á fi lọ. Èmi ni mo máa ń ké jù. Ìyá mi á ní, "Ẹni da eérú leérú ń tọ̀," á sì máa bá àkàrà tó ń dín lọ.

Eérú dé lóòótọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n na ẹgbẹ́ àwọn aláṣọ pupa ní ìnà ìyà, nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, igbe sọ níwájú ilé wa: "Yéè! Bàbá Títí ti lọ o! Ó ti fi wá sílẹ̀!" Pósí tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn làwọn aláṣọ búlúù gbé wá bá a. Bàbá mi faṣọ borí, ó ní òun ò jáde.

Àfi bí ìyá rẹ̀, Màámi, ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ìkìrun ló ti wá, ó sun ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá mi ní Ibafo, kò sì sọ fún wa pé òun ń bọ̀. Kí ni Màámi mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù? Pósí ló rí, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló gbọ́. Ó káwọ́ lérí, ó jókòó sínú ẹrẹ̀.

"Àkànní! Ṣé ìwọ kọ́ ló yẹ kó sin mí ni?"

Ẹkún èké dákẹ́. Wọ́n ń ṣàlàyé, Màámi ò gbọ́. Ẹ̀rín ni èmi ń rín, ó yà mí lẹ́nu pé àgbàlagbà lè torí pákó lásán sunkún. Ìyá mi ló wọlé lọ ṣí aṣọ lórí ọkọ rẹ̀: "Bàbá Títí, ẹ dìde! Ìyá yín ń ṣọ̀fọ̀ yín níta."

Bàbá mi jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀. Màámi fọwọ́ kan orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó tún fọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà ló fọ́ ọ létí. "A kì í fi ikú ṣeré!" Gbogbo aláṣọ búlúù náà bá dọ̀bálẹ̀ kí tiwọn má baà dé. Pósí yẹn la fi dáná ìrẹsì lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Magboro ni mò ń gbé báyìí. Màámi ti lọ, bàbá mi náà ti darúgbó. Àṣà ọ̀hún ò kú, orí fóònù ló kó lọ. Bí àwọn aláṣọ pupa bá ti fìdí rẹmi, àwọn àbúrò mi á lẹ fọ́tò bàbá wa mọ́ àwòrán pósí, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, n ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí èmi Títí ṣì kéré, ẹ̀rín mi máa ń dé inú, ti ìsinsìnyí kì í kọjá eyín. Mo máa ń pe bàbá mi lójú ẹsẹ̀, àyà mi á sì máa já títí yóò fi gbé fóònù.

"Ṣé ìwọ náà fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá o, Bàbá. Ẹ ṣáà máa bínú lọ, ohùn yín ni mo fẹ́ gbọ́."