Fọ́tò Apẹja Tó Kọ̀ Láti Jókòó Sórí Àga

Nínú sítúdíò mi ní Òkòkómáíkò, èmi ni mò ń pàṣẹ. "Ẹ jókòó síbí. Ẹ gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀. Ẹ má ṣẹ́jú." Mo ní aṣọ ìkélé tí wọ́n ya òdòdó sí, àga aláwọ kan, àti kóòtù tí mo máa ń yá àwọn tí kò ní. Owó epo rọ̀bì ti dé ìlú, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ya fọ́tò. Síbẹ̀ ara mi kì í gbé ibì kan. Mo ra kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n ń gbé kọ́rùn, mo fi í sílẹ̀ nínú páálí, n ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àgbà kan wá bá mi láti Ọ̀jọ́. Apẹja ni wọ́n. Ọmọ wọn tó ń kàwé nílùú òyìnbó ló kọ̀wé pé òun fẹ́ fọ́tò bàbá òun. Mo nawọ́ sí àga. Bàbá wo àga, wọ́n wo kóòtù, wọ́n mi orí.

"Bí mo bá wọ ìyẹn, ọmọ mi ò ní mọ̀ mí mọ́. Ojú omi ni kí o ti yà mí, nígbà tí mo bá ń ju àwọ̀n."

N ò ya ohun tó ń mira rí, n ò sì mọ̀wẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀, àmọ́ ẹnu mi ti sọ pé, "Kò burú, Bàbá."

Nígbà tí a dé ojú omi ní Ọ̀jọ́, bí Bàbá ṣe dìde nínú ọkọ̀ wọn, ọkọ̀ yẹ̀ sápá kan. Mo di etí rẹ̀ mú. Àwọ̀n ti rì kí n tó gbé kámẹ́rà dé ojú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo tètè tẹ̀ ẹ́ jù. Lẹ́ẹ̀kẹta, omi ta sí mi lójú. Nígbà tó yá, mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ ṣáá títí fíìmù fi tán. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́, apá tó dà bí èéfín àti imú ọkọ̀ nìkan ni mo rí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń ya oníbàárà tí ọkàn mi ò sí lára wọn. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ti ilẹ̀kùn, mo padà sí Ọ̀jọ́, a tún wọ ọkọ̀.

"Gbé kámẹ́rà sílẹ̀ ná," ni Bàbá wí. "Jókòó sísàlẹ̀. Má wo àwọ̀n, èjìká mi ni kí o máa wò."

Mo wò ó títí. Kí wọ́n tó ju àwọ̀n, èjìká òsì wọn máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀, wọ́n á sì dá èémí dúró. Mo gbé kámẹ́rà. Èjìká lọ sílẹ̀, èmi náà dá èémí dúró, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Fọ́tò náà mọ́ kedere. Àwọ̀n tẹ́ rẹrẹ lójú ọ̀run, gbogbo okùn rẹ̀ hàn, àmọ́ ó bo ojú Bàbá pátápátá. Ojú tì mí. Onífọ́tò wo ló ń ya ènìyàn láìya ojú rẹ̀? Mo fi í han Bàbá, mo ní ká padà lọ ya òmíràn. Bàbá gbé e sún mọ́ ojú, wọ́n ní, "Èmi nìyí. Fi ránṣẹ́."

Mo fi ránṣẹ́, ọkàn mi ò sì balẹ̀ títí Bàbá fi mú lẹ́tà ọmọ náà wá kí n kà á fún àwọn. Kò sọ ohunkóhun nípa ojú tí kò hàn. Ó ní òun rí ihò kan lápá ọ̀tún àwọ̀n yẹn: ta ló ń bá Bàbá tún un ṣe, nísinsìnyí tí òun ò sí nílé?

Bàbá ní, "Sọ fún un pé èmi fúnra mi ni."

Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́.