Safiyat Tó Lọ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Òkun

Nígbà tí Safiyat, ọmọ Àlàó àgbẹ̀ ní Òkè-Òyì, wọlé sí yunifásítì kan ní Èkó láti kọ́ ìmọ̀ nípa òkun àti àyíká rẹ̀, bàbá rẹ̀ pè é jókòó.

"Safiyat, omi tó tóbi jù tí o ti fojú rí, ṣé kì í ṣe adágún tí màlúù Alájì Hàrúnà ti ń mumi ni?"

"Òun ni, Bàbá."

"Alhamdulillahi. Máa lọ."

Àbúrò bàbá rẹ̀, Bàríkísù, káwọ́ lérán. "Kí ló dé tí wọ́n fi ń yẹ òkun wò? Ara rẹ̀ kò yá ni?"

"Kò yá lóòótọ́, Àǹtí. Epo ọkọ̀ àti ọ̀rá ló ń dà á láàmú."

"Ọlọ́run á fún un ní àlàáfíà."

Ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ ọkọ̀ ojú omi láti lọ bu omi àyẹ̀wò, wọn ò tíì jìnnà sí èbúté tí òòyì fi ń kọ́ Safiyat. Ó rọ̀ mọ́ awakọ̀ lọ́rùn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. Olùkọ́ wọn nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

"Kí ló léfòó níbẹ̀ yẹn, Safiyat?"

"Mọ́ínmọ́ín àárọ̀ mi ni, sà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi Moṣọpẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ìgò tirẹ̀ kún níbẹ̀ gan-an.

Nígbà tí Safiyat wálé fún ìsinmi, Alájì Hàrúnà ti gbé ẹja àrọ̀ kan dúró dè é nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹja náà nà sílẹ̀, kò mira.

"Dókítà, bá mi wò ó."

"Alájì, èmi kì í ṣe dókítà ẹja o." Síbẹ̀ ó bẹ̀rẹ̀, ó gbóòórùn omi náà. "Alájì! Ọṣẹ ìfọṣọ rèé!"

"Wọ́n ní o ń bọ̀ lónìí. Mi ò fẹ́ kó dọ̀tí dé iwájú rẹ, ni mo bá wẹ̀ fún un."

Wọ́n sáré gbé e sínú omi kànga. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ẹja fi tọ sókè, tó fi ìrù gbá Àlàó létí. "Subhanallahi! Ó ti yá!" ni Àlàó ń pariwo, tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí Safiyat àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ jáde yunifásítì, Moṣọpẹ́ lọ ń sin ẹja. Akẹgbẹ́ wọn Toyyib ríṣẹ́ ìjọba, ó ń ṣọ́ etíkun kí omi má baà gbé ilé àwọn èèyàn lọ. Safiyat wọ ilé iṣẹ́ tó ń yẹ omi tí àwọn ilé ẹ̀rọ ń dà sínú ọ̀sà wò. Ó wá mú bàbá rẹ̀ lọ wo òkun.

Àlàó tẹ ìka bọ̀ ọ́, ó lá a, ó tutọ́. "Ta ló da iyọ̀ sí gbogbo èyí?"

"Odò ló ń kó o wá láti orí ilẹ̀, Bàbá, díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà ìwáṣẹ̀."

Àlàó bojú wẹ̀yìn. "Títí kan ilẹ̀ tiwa?"

"Títí kan tiwa."

"Bá mi wá kẹ́ẹ̀gì. Mò ń gba tèmi padà."

Kẹ́ẹ̀gì náà dé Òkè-Òyì lóòótọ́. Bàríkísù fi omi inú rẹ̀ se ẹ̀wà. Iyọ̀ pọ̀ jù; ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́.